Bí a ṣe ń rẹ awọ tófù gbígbẹ kí omi lè dé inú rẹ̀

Omi híhó ló ń ba awọ tófù gbígbẹ, ìyẹn awọ tí wọ́n ń gbé lójú wàrà ẹ̀wà sóyà gbígbóná tí wọ́n sì jẹ́ kó gbẹ, jẹ́ jù lọ. Ìkánjú ló sì ń fà á: ìkòkò ti wà lórí iná, àlùbọ́sà ti ń ta sọ́ọ́sọ́ọ́ nínú òróró, awọ tófù ṣì le gbandi, la bá da omi gbígbóná lé e lórí. Kí ìṣẹ́jú 10 tó pé, ìta rẹ̀ á ti máa yọ̀ bọ̀rọ́, á máa já wẹ́wẹ́ lọ́wọ́. Ẹ wá gé e láàárín, inú rẹ̀ ṣì le bí igi. Irú èyí kò ṣeé tún ṣe mọ́, torí bí a bá sè é títí inú á fi rọ̀, ìta á ti yọ́ sínú ọbẹ̀.

Omi tútù àti àkókò ni ọ̀nà tó dájú. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lè dín àkókò náà kù, ó sì ní bí a ṣe ń lò ó. Ṣùgbọ́n kí a tó bu omi rárá, ó yẹ ká mọ ohun tí a fẹ́ rẹ, nítorí awọ tófù kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo, wákàtí tí ọ̀kan ń fẹ́ lè jẹ́ ìṣẹ́jú méjì péré fún òmíràn.

Bí awọ náà ṣe jẹ́

Wàrà ẹ̀wà sóyà ni wọ́n ń gbé kaná nínú páànù tó fẹ̀ tí kò jìn. Bí ó bá gbóná tó nǹkan bí 80°C sí 90°C, tí wọn ò sì jẹ́ kí ó hó, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ á bo ojú rẹ̀, bó ṣe máa ń bo ojú mílíìkì gbígbóná. Purotéènì inú wàrà náà ló ń so mọ́ra lójú ibi tí omi ti ń gbẹ, tó sì ń di ọ̀rá mú sáàárín ara rẹ̀. Wọ́n á fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gbé awọ náà, wọ́n á fi kọ́, omi á ro dànù, á sì gbẹ. Kò ní pẹ́ tí òmíràn á tún bo ojú wàrà. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gbé ló máa ń mọ́ jù, tó sì lọ́ràá jù. Bí wàrà ṣe ń tán lọ ni awọ tó ń jáde ń pọ́n sí i, tó sì ń dùn díẹ̀, nítorí ṣúgà inú sóyà ló ń pọ̀ sí i nínú èyí tó kù.

Ní Jàpáàn, yuba ni wọ́n ń pè é, ìlú Kyoto àti Nikko sì lókìkí nípa rẹ̀. Ní Ṣáínà, èyí tí wọ́n ká jọ bí ọ̀pá ni fuzhu, orúkọ tó fi í wé ọparun; èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ ni fupi tàbí doufu pi.

Purotéènì tó nǹkan bí ìdajì ìwúwo awọ gbígbẹ yìí, ọ̀rá sì tó ìdá kan nínú márùn-ún tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò ní fọ́nrán bíi ti ẹran tàbí ewébẹ̀ tó lè dì í mú bí ooru bá pọ̀ jù. Ìpele lórí ìpele sì ni ọ̀pá kan: wọ́n ká a jọ nígbà tó ṣì tutù, ó wá lẹ̀ mọ́ra bó ṣe ń gbẹ. Omi ní láti gba ara ìpele kan bọ́ sí èkejì kí ó tó kan àárín, ọ̀rá inú rẹ̀ kò sì jẹ́ kí omi tètè wọlé. Omi híhó kì í ní sùúrù yẹn. Yóò ti rọ ìpele òde bàjẹ́ kí èyí tó wà nínú tó mọ̀ pé omi dé.

Èwo ló wà lọ́wọ́ yín?

Ọ̀pá ló wọ́pọ̀ jù. Ó gùn, ojú rẹ̀ hunjọ, ó sì máa ń tẹ̀ kọrọdọ bí ìwọ̀ ẹja níbi tí wọ́n ti fi kọ́ sórí igi. Ibi títẹ̀ yẹn nípọn ju ibi yòókù lọ. Yóò fún wa níṣẹ́ níwájú.

Èyí tó tẹ́ bíi bébà pín sí méjì. Àwọn kan fẹ̀ gan-an, wọ́n rí róbótó, ọwọ́ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ hàn láti òdì-kejì wọn: ti dídì nǹkan nìyẹn. Àwọn mìíràn nípọn díẹ̀, wọ́n gé wọn ní igun mẹ́rin tàbí kí wọ́n ṣẹ́ wọn pọ̀ ní méjì-mẹ́ta. Ó tún ku èyí tí wọ́n ta ní kókó kéékèèké, tó dára fún ọbẹ̀ olómi.

Ẹ ṣọ́ra fún ìbejì rẹ̀ tí kì í ṣe ọmọ ìyá rẹ̀. Ní Ṣáínà, àwọn kan tún ń fi orúkọ doufu pi pe tófù (wàrà sóyà tó ti dì) tí wọ́n fi aṣọ tẹ̀ pẹlẹbẹ, èyí tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ baiye tàbí qianzhang. Ẹ gbé e sítòsí ojú: bí ẹ bá rí ojú aṣọ tó tẹ̀ sí i lára, ìlà tó dábùú ara wọn wínniwínni, tófù títẹ̀ ni. Tútù tàbí dídì ni wọ́n sábà máa ń tà á, kò sì nílò gbogbo wàhálà tí a fẹ́ ṣe yìí. Ojú awọ tófù gidi máa ń dán, ìlà tó wà lára rẹ̀ kì í sì í tò lẹ́sẹẹsẹ.

Èyí tó dára láti rà

Àwọ̀ rẹ̀ yẹ kó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bíi ti ọ̀rá bọ́tà, kó máa dán díẹ̀, kó sì kán pẹ́ẹ́ bí a bá ṣẹ́ ẹ. Bí ó bá ń tẹ̀ dípò kó kán, ọ̀rinrin ti wọ inú rẹ̀. Ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀: òórùn ẹ̀wà sóyà ni kó ní. Bí ó bá ń rùn bí òróró tó ti pẹ́ nílẹ̀, ọ̀rá inú rẹ̀ ti bàjẹ́, kò sì sí rírẹ tàbí fífọ̀ tó lè lé òórùn yẹn lọ. Ẹ dá a padà tàbí kí ẹ dà á nù.

Èyí tó funfun gbòò kò yẹ ní fífọkàn tán. Ní Ṣáínà, àwọn aláṣẹ ti mú àwọn tó ń po kẹ́míkà tó ń sọ nǹkan di funfun, èyí tí wọ́n ń pè ní diaobaikuai, mọ́ fuzhu; ó léèwọ̀ nínú oúnjẹ níbẹ̀. Sóyà kì í bí ọmọ tó funfun bí ẹfun. Ẹ sì wo ìsàlẹ̀ àpò tí wọ́n kó o sí kí ẹ tó sanwó. Bí ìyẹ̀fun àti èérún bá ti kún ibẹ̀, ó ti gbẹ jù tàbí kòkòrò ti wọ̀ ọ́.

Rírẹ ọ̀pá nínú omi tútù

Fún 100 gíráàmù, ẹ wá abọ́ tó fẹ̀, lítà kan ààbọ̀ omi, àwo kan tó lè wọ inú abọ́ náà, àti àyè nínú fíríìjì. Iye yìí máa ń tó ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin bí a bá fi nǹkan mìíràn kún un.

1. Ẹ ṣẹ́ ọ̀pá kọ̀ọ̀kan sí méjì níbi títẹ̀ rẹ̀, tàbí sí bí ó ṣe máa gba inú abọ́. Ẹ má ṣe fọ́ ọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Awọ gbígbẹ tí a gé kéékèèké máa ń rún, àwọn èérún náà á sì yọ́ sínú omi. Gígé gidi di ẹ̀yìn ìgbà tó bá rọ̀.

2. Ẹ fi omi ṣàn án lẹ́ẹ̀kan kí eruku kúrò. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ti tó.

3. Ẹ da omi tútù lé e lórí. Yóò léfòó, torí afẹ́fẹ́ wà nínú ihò àárín rẹ̀. Ẹ dojú àwo bò ó kí gbogbo rẹ̀ rì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń fo ìgbésẹ̀ yìí, òun náà ló sì ń fa apá kan tó rọ̀ àti apá kan tó gan lára ọ̀pá kan náà: èyí tó yọrí sókè kò mu omi.

4. Lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ yí i padà. Yóò ti máa tẹ̀ díẹ̀. Ẹ rọra tẹ àwọn tó ní ihò mọ́lẹ̀ nínú omi kí afẹ́fẹ́ jáde. Ẹ ó rí i tó ń hó pútúpútú. Ẹ dá àwo padà sórí rẹ̀.

5. Ẹ gbé e sínú fíríìjì. Àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ lè rọ̀ láàárín wákàtí 3 sí 4. Àwọn tó nípọn ń fẹ́ wákàtí 6 sí 8. Bí ẹ bá rẹ ẹ́ kí ẹ tó sùn, ó ti délẹ̀ láàárọ̀. Kò burú bí ó bá tó wákàtí 12. Bí ó bá ń lọ sí ọjọ́ kejì, ó ti pẹ́ jù, adùn rẹ̀ á ti ro sínú omi.

6. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, bí a ó ṣe ṣàlàyé ní ìsàlẹ̀ yìí.

7. Ẹ gbé e sínú asẹ́, ẹ da omi tí ẹ fi rẹ ẹ́ nù, kí ẹ sì fi omi tuntun ṣàn án. Ẹ di ìwọ̀nba kan mú láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń tẹ kàìnkàìn tí kò fẹ́ kó ya. Ẹ má ṣe lọ́ ọ bí aṣọ. Bí a bá lọ́ ọ, ìpele á ya kúrò lára ìpele, á sì fọ́ yángá nínú ìkòkò.

8. Ẹ fi ọ̀bẹ gé ibi tó tẹ̀ kọrọdọ kúrò bí ó bá ṣì le, ẹ dá a padà sínú omi fún wákàtí kan tàbí méjì sí i. Kò yẹ ní dídànù, ó kàn lọ́ra ni.

Fíríìjì tí a sọ kì í ṣe àṣejù. Purotéènì tó ti mu omi, tó wà níbi tó móoru, oúnjẹ bakitéríà ló dà. Bí ilé bá tutù, wákàtí méjì lórí tábìlì kò ṣe nǹkan. Kọjá ìyẹn, ẹ gbé e sínú otútù. Omi tó ti ń ta fóòmù, tó sì ń kan nímú ti sọ tirẹ̀: ẹ da gbogbo rẹ̀ nù, àti awọ àti omi.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti rọ̀

Kò sí wákàtí tó lè sọ ọ́ fún yín bí ọ̀bẹ ṣe máa sọ ọ́. Ẹ mú èyí tó nípọn jù nínú abọ́, ẹ gé e ní ìbú láàárín gbùngbùn, kí ẹ sì wo ojú ibi tí ẹ gé. Bí ẹní tí a ká ló rí: awọ yí awọ ká, ihò tóóró láàárín. Èyí tó ti rọ̀ jẹ́ àwọ̀ kan náà láti ìta dé inú, funfun tó pọ́n díẹ̀. Àwọn ìpele rẹ̀ ti ya kúrò lára ara wọn, bí ẹ bá sì fi ìka tẹ̀ ẹ́, omi á jáde láàárín wọn. Èyí tí kò tíì rọ̀ máa ń ní òrùka kan nítòsí ihò náà tó pọ́n ju ìyókù lọ, tó ń dán bíi dígí, tí ìpele rẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ra. Òrùka yẹn gan-an ni yóò máa le lẹ́nu nígbà tí a bá ń jẹ ẹ́. Àfikún wákàtí kan nínú omi ló ń tọ́jú rẹ̀, kì í ṣe àfikún iná.

Bí ẹ bá ní òṣùwọ̀n, ẹ wọ̀n ọ́n. 100 gíráàmù gbígbẹ máa ń di nǹkan bí 200 sí 250 gíráàmù lẹ́yìn tí a bá ti tẹ omi kúrò. Tí kò bá tíì tó 180, inú rẹ̀ kò tíì mu omi tán.

Tí kò bá sí àyè wákàtí mẹ́fà

Ẹ lo omi tó tó 40°C, kò gbọ́dọ̀ ju 50°C lọ. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ ìwọ̀n ooru lè fi ọwọ́ wò ó: kí ó lọ́wọ́ọ́wọ́ débi tí ọwọ́ lè wà nínú rẹ̀ pẹ́ láìjó. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lábẹ́ àwo bí ti tẹ́lẹ̀, ẹ dé e, kí ẹ sì pààrọ̀ omi náà ní ìṣẹ́jú 30-30 kí ó má bàa tutù. Wákàtí kan ààbọ̀ sí méjì ni ọ̀pá tó nípọn ń fẹ́. A kì í fi irú omi yìí sílẹ̀ di àárọ̀, nítorí ìwọ̀n ooru yẹn gan-an ni bakitéríà fẹ́ràn.

Ó rọ̀ dáadáa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi èyí àti ti omi tútù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn yóò rí ìyàtọ̀. Ti omi tútù máa ń fà díẹ̀ lẹ́nu, ìta rẹ̀ sì máa ń dán. Ti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ máa ń rọ̀ jù díẹ̀ lẹ́bàá etí. Nínú ọbẹ̀ tó ní omi, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Nínú èyí tí a ó jẹ ní tútù, omi tútù ni kí ẹ lò.

Àwọn kan ń fi bekin sódà sínú omi. Òótọ́ ni pé ó ń mú un rọ̀ kíá, torí omi sódà ń mú purotéènì wú. Ṣùgbọ́n ó ń mú ìta rẹ̀ yọ̀, ó sì ń fi adùn bí ọṣẹ sílẹ̀ lẹ́nu. Mi ò gbà á níyànjú fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn tó tẹ́ bíi bébà

Ewu tó wà níbí yàtọ̀. Ti ọ̀pá ni pé inú rẹ̀ kò ní rọ̀; ti èyí ni pé yóò rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ kí a tó lò ó.

Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó fẹ̀, tí a fẹ́ fi di nǹkan, kì í wọ inú omi rárá. Ẹ fi àlùmọ́gàjí gé e sí ìwọ̀n tí ẹ fẹ́ nígbà tó ṣì gbẹ, kí ẹ sì rọra ṣe é, torí etí rẹ̀ máa ń ya. Ẹ rẹ táwẹ̀lì mímọ́ sínú omi, ẹ fún un títí omi ò fi ní ro mọ́. Ẹ tẹ́ awọ sáàárín táwẹ̀lì náà fún ìṣẹ́jú 2 sí 3. Nígbà tó bá ti ń ká láìdún, ó ti tó. Ọ̀kan ni kí ẹ máa mú jáde. Ẹ fi àwọn yòókù sílẹ̀ nínú táwẹ̀lì, nítorí afẹ́fẹ́ lásán lè mú un gbẹ padà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí etí bá le kí ẹ tó parí dídì, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tó ní omi díẹ̀ pa á.

Láti lẹ etí rẹ̀ pọ̀, ẹ po ṣíbí ńlá kan ìyẹ̀fun fùláwà mọ́ ṣíbí ńlá kan ààbọ̀ omi. Funfun ẹyin náà ń ṣiṣẹ́. Omi nìkan kò tó bí ẹ bá máa dín in. Bí ihò bá wà lára awọ, ẹ gé pélébé kan lára èyí tó ya, ẹ fi lẹ̀ ẹ́ látinú. Kò ní hàn.

Èyí tó nípọn díẹ̀ lè wọ inú omi tútù, ìṣẹ́jú 10 sí 20 ló ń gbé. Ẹ má ṣe fi ìka kan gbé e jáde. Ẹ ti àtẹ́lẹwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀, tàbí kí ẹ da omi náà kúrò kí ẹ tó gbé e.

Ọ̀nà kan wà tí mo fẹ́ràn jù fún irú èyí: ẹ má fi omi lásán rẹ ẹ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní su e nìyẹn ní Ṣáínà, èyí tí wọ́n sọ lórúkọ pẹ́pẹ́yẹ ńlá tí kò ní ẹran kankan nínú. Wọ́n ń fi omi olú, sọ́ọ̀sì sóyà àti ṣúgà díẹ̀ pa awọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tò ó lé ara wọn, wọ́n ń ká a, wọ́n á fi ooru omi sè é, wọ́n á sì dín in. Ohun tí awọ fi rọ̀ náà ló fi ládùn, kò sí ìpele kankan tó ṣófo. Fún awọ fífẹ̀ mẹ́fà, 200 mìlílítà omi olú, ṣíbí ńlá méjì sọ́ọ̀sì sóyà àti ṣíbí kékeré kan ṣúgà ti tó. Kí omi náà lọ́wọ́ọ́wọ́, kó má gbóná. Ìṣẹ́jú 15 lórí ooru omi, lẹ́yìn náà kó tutù pátápátá kí ọ̀bẹ tó kàn án, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò tú.

Ti kókó rọrùn: wákàtí 2 sí 4 nínú omi tútù. Àárín kókó náà gan-an ni kí ẹ tẹ̀ wò.

Láti inú omi dé inú ìkòkò

Kí ẹ tó sè é, ẹ bọ̀ ọ́ nínú omi híhó fún ìṣẹ́jú kan. Omi híhó tí a kọ̀ níbẹ̀rẹ̀ kò burú mọ́, torí inú ti mu omi tán, ìṣẹ́jú kan kò sì lè bà á jẹ́. Ó ń lé òórùn ẹ̀wà tútù lọ. Fún ọbẹ̀ tí yóò pẹ́ lórí iná, ẹ lè fo èyí.

Èyí tí a ó jẹ ní tútù: ẹ mú 100 gíráàmù tí ẹ ti rẹ, ẹ bọ̀ ọ́, ẹ dà á sínú omi tútù lójú ẹsẹ̀, ẹ tẹ omi kúrò dáadáa, kí ẹ sì gé e ní 4 sẹ̀ǹtímítà, kí ọ̀bẹ dagun díẹ̀ kí ojú ibi gígé lè fẹ̀. Ẹ po ṣíbí ńlá kan ààbọ̀ sọ́ọ̀sì sóyà, ṣíbí ńlá kan fínígà ìrẹsì, ṣíbí kékeré kan ṣúgà, ṣíbí kékeré méjì òróró yànmọ̀tí àti aáyù méjì tí ẹ gún. Ẹ da èyí lé e, ẹ fi kùkúmbà tàbí sẹ́lẹ́rì gígé kún un, kí ó dúró fún ìṣẹ́jú 20. Bí ó bá di omi nísàlẹ̀ àwo, omi tí ẹ kò tẹ̀ kúrò ló jáde, òun ló sì máa ń sọ oúnjẹ dídùn yìí di nǹkan tí kò lórí tí kò nídìí.

Èyí tí a ó sè mọ́ ọbẹ̀: fún 150 gíráàmù, ẹ rẹ olú gbígbẹ mẹ́jọ sínú 400 mìlílítà omi, kí ẹ pa omi náà mọ́. Ẹ dín atalẹ̀ pẹlẹbẹ mẹ́rin àti aáyù mẹ́ta nínú òróró díẹ̀, ẹ da olú sí i fún ìṣẹ́jú 3, lẹ́yìn náà awọ tófù tí ẹ ti gé. Ẹ fi ṣíbí ńlá méjì sọ́ọ̀sì sóyà, ṣíbí kékeré méjì ṣúgà, star anise (èròjà olóòórùn tó rí bí ìràwọ̀) kan àti 350 mìlílítà omi olú kún un. Ẹ dé e, kí iná rẹlẹ̀, fún ìṣẹ́jú 12 sí 15. Ẹ ṣí i fún ìṣẹ́jú 4 tó kẹ́yìn kí omi fún pọ̀. Ẹ má ṣe fi ṣíbí rò ó. Ẹ máa mi ìkòkò ni. Ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó fi iyọ̀ sí i, torí àárín àwọn ìpele yẹn ń gba ọbẹ̀ púpọ̀, ó sì máa ń níyọ̀ ju bí omi rẹ̀ ṣe rí lẹ́nu lọ.

Bí ẹran tó ń pẹ́ jinná ló wà nínú ìkòkò, kí ẹran jinná tán kí awọ tófù tó wọ̀ ọ́. Ìṣẹ́jú 15 sí 20 tó kẹ́yìn ni tirẹ̀. Wákàtí kan lórí iná ń yọ́ ọ dànù.

Yíyọ́ yẹn náà ní ibi tó wúlò sí. Nínú ìrẹsì olómi tí àwọn ará Ṣáínà ń pè ní zhou, wọ́n máa ń fọ́ awọ gbígbẹ sí i láti ìbẹ̀rẹ̀, láìrẹ, kó lè yọ́ kó sì mú omi náà funfun bíi wàrà. Nǹkan bí 30 gíráàmù ti tó fún 150 gíráàmù ìrẹsì àti lítà méjì omi. Ibẹ̀ ni kí ẹ kó gbogbo èérún ìsàlẹ̀ àpò sí, àti èyí tí omi gbígbóná ti bàjẹ́ bí ó bá ṣẹlẹ̀.

Dídín rẹ̀ ní gbígbẹ náà tún wà. Nínú òróró tó tó 160°C, ọ̀pá gbígbẹ máa ń wú, ó sì máa ń ta ròrò láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ẹ yọ ọ́ kí ó tó pọ́n jù, torí kíkorò ló ń tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn dídín, ihò ti wà lára rẹ̀ káàkiri, ó sì ń rọ̀ nínú omi tàbí ọbẹ̀ kíá ju èyí tí a kò dín lọ. Ó gbọ́dọ̀ gbẹ pátápátá kí ó tó kan òróró. Èyí tó ti mu omi máa ń ta òróró síni lójú.

Títọ́jú rẹ̀

Gbígbẹ: nínú ike tó dé pa, níbi tó tutù tí oòrùn kò dé. Ọ̀rá rẹ̀ ni ọ̀tá rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ àti ooru ló sì ń yára bà á jẹ́. Bí ẹ bá ti já àpò rẹ̀, ẹ gbìyànjú láti lò ó tán láàárín oṣù 2 sí 3, tàbí kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú fíríìjì.

Èyí tí a ti rẹ: ẹ tẹ omi kúrò, ẹ dé e, ọjọ́ 2 tàbí 3 nínú fíríìjì. Ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ nínú omi tí ẹ fi rẹ ẹ́. Nínú fírísà, ó lè tó oṣù kan. Ẹ pín in sí ìwọ̀n tí ẹ ó lò lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì tẹ afẹ́fẹ́ kúrò nínú àpò tí ẹ kó o sí. Dídì nínú fírísà máa ń mú un dà bíi kàìnkàìn díẹ̀, nítorí náà ọbẹ̀ ló yẹ fún un lẹ́yìn ìyẹn, kì í ṣe èyí tí a ó jẹ ní tútù. Kò sì sídìí láti kọ́kọ́ dúró kí ó yọ́: láti fírísà ló ti lè wọ inú ìkòkò.

Ẹni tí sóyà ń bá jà lára kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ rárá. Sóyà ni láti òkè délẹ̀, rírẹ àti bíbọ̀ kò yí ìyẹn padà.